Yìgì Tí Wọ́n So Nígbà Tí Yìnyín Dí Ọ̀nà

Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, 1974

Mùsílíù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara àwọn òkúta náà le? Mo ní kí n béèrè, nítorí òkúta ni mo gbọ́ pé o ń bá gbé báyìí. Àwa náà wà. Ààwẹ̀ ti dé ìdajì. Bàbá Mọ̀núrù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní kí n kí ọ. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ẹnu ò dùn wọ́n.

Lẹ́tà tí o kọ láti Lọ́ńdọ́nù kí o tó kúrò níbẹ̀ dé ọwọ́ mi. Mo kà á, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí a sìn dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà pé ó ń lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ló di ẹni tó ń wọn òkè ní Mòrókò. Jọ́gíráfì! Ṣé òkè náà ránṣẹ́ sí ọ pé òun ò mọ bí òun ṣe ga tó ni? Kò burú. Tí àwọn ará àdúgbò bá bi mí pé, "Ìyá Lọ́yà, ọmọ yín ńkọ́?" mo máa ń ní o wà lókè. Wọ́n á ní àmín.

A ò ní òkè ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìwọ náà mọ̀. Omi la ní. Ibi tó ga jù tí èmi Afusat gùn rí ni bírííjì tí wọ́n gbé gba Apọ́ngbọ̀n, mo sì di irin rẹ̀ mú títí mo fi sọ̀. Nítorí náà, ṣàlàyé fún mi. Àwọn tó ń gbé orí òkè yẹn, kí ni wọ́n ń jẹ? Ta ló ni ilẹ̀? Ṣé wọ́n lọ́ba? Ṣé wọ́n ń kírun? Ta ló tilẹ̀ lé wọn gun ibẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ mú bírò gan-an nìyí. O ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ìwọ nìkan ṣì ni. Àlájì Ṣéhù tó ń ta àwo tánganran ní Apọ́ngbọ̀n ní ọmọbìnrin kan, Hàwáwù. Ọmọ náà kàwé, ó níwà, ó sì lójútì. Èmi àti Bàbá Mọ̀núrù fẹ́ so yìgì yín. Bí o bá fẹ́, kọ "mo fẹ́". Bí o ò bá fẹ́, kọ "n ò fẹ́", kí o sọ ìdí ẹ̀, kí a lè jọ bínú. Bàbá Mọ̀núrù ní àwọn ó dúró títí Iléyá á fi kọjá.

Má pẹ́ kí o tó dáhùn o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òkúta wó lù ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Afusat


Tifírà, Òkè Atlas, Mòrókò
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, 1974

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Ṣé ara yín le? Ẹ bá mi kí Bàbá Mọ̀núrù, ẹsẹ̀ àti ẹnu.

Ẹ béèrè nípa òkè, inú mi sì dùn dénú, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí rí nílé wa. Òkè yìí kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo bí Olúmọ. Ó tò ni, láti ìtòsí òkun níwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, orí kan ń yọ lẹ́yìn orí kejì bí èrò ṣe ń tò sẹ́yìn ìmáàmù ní yídì. Apá àríwá ń rí òjò, igi pọ̀ níbẹ̀. Apá gúúsù kọjú sí aṣálẹ̀, ó gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.

Ẹ má rò pé orí téńté ni abúlé wà. Ibi tí òkúta ti pàdé oko ni wọ́n ń kọ́ ọ sí. Orí òkúta ni wọ́n ń kọ́lé lé, nítorí ilẹ̀ tó lè hu ọkà ṣọ̀wọ́n, wọn ò jẹ́ fi ilé jẹ ẹ́. Òrùlé wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Òrùlé ẹni ìsàlẹ̀ ni àgbàlá ẹni òkè, nítorí náà tí aládùúgbò yín bá ń rìn lórí yín, kì í ṣe ìjà. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń yà sí ni Tifírà wà. Abúlé kejì, Tasìlà, wà lódìkejì odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji, oòrùn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn tí òtútù bá dé. Àwọn Tifírà ní òǹrorò ni ará Tasìlà. Àwọn Tasìlà ní ọ̀lẹ ni ará Tifírà. Odò kan náà ni wọ́n jọ ń bomi lò, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbà tí omi tirẹ̀ ń ṣàn wọ oko.

Lókè pátápátá ni pápá koríko wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da ẹran débẹ̀ títí àwọn àgbà á fi ṣí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò lọ́ba, àwọn àgbà yìí ló ń jókòó sórí ọ̀rọ̀. Ọkà báálì ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú wàrà ewúrẹ́. Wọ́n ń kírun, Ìyá, dáadáa jù mí lọ. Ta ló lé wọn gun ibẹ̀? Àwọn náà ní kí n bi yín pé ta ló lé yín wọ inú omi.

Ọ̀nà kan péré ló já sí Asárà tó jẹ́ ìlú ọjà, àárín òkè méjì ló gbà. Ibẹ̀ ni lẹ́tà ń gbà wá, lórí ìbaaka. Wọ́n ní yìnyín ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́.

Ìwé ti kún. Ọ̀rọ̀ yòókù tí ẹ sọ, mo gbọ́. A ó máa sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Mùsílíù


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá, 1974

Mùsílíù,

Àsàlámù àlékùn. O ṣeun, o kú làálàá. Mo ti mọ ibi tí oòrùn ń yà sí ní Tifírà. Mo ti mọ ẹni tó ń rìn lórí ẹni. Mo bi ọ́ nípa ìyàwó, o fi òrùlé dá mi lóhùn. "A ó máa sọ ọ́." Ta ni "a"? Ìwọ àti ìbaaka?

Mo ka lẹ́tà náà fún Bàbá Mọ̀núrù. Wọ́n ní, "Kò kọ̀." Mo ní, "Kò gbà náà." Wọ́n ní, "Afusat, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ á ti kọ̀ kó tó ráyè ṣàpèjúwe òkè." Ìwọ ò fún mi ní nǹkan kan tí mo lè fi jà.

Jọ̀ọ́, gbólóhùn kan ni mo ń tọrọ. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, àgbò wa ti ń kan ògiri láti ìjẹta. Bí ẹran ọdún bá tán tí a ò gbọ́ ohùn rẹ, Bàbá Mọ̀núrù ní àwọn mọ ohun tí àwọn ó ṣe. Ìwọ náà mọ̀ pé tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò mọ ọ́n, wọ́n á sì ṣe é.

Ìyá rẹ,
Afusat


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì, 1975

Mùsílíù, ọkọ ìyàwó,

Àsàlámù àlékùn. Kú oríire. Mo ní kí n tètè sọ fún ọ, kó má lọ jẹ́ pé ẹnu àwọn ewúrẹ́ lo ti máa gbọ́.

A retí títí. Ẹran Iléyá tán, odindi oṣù kan tún lọ, o ò ta pútú. Bàbá Mọ̀núrù ránṣẹ́ pe Alfa Ṣàíbù. Wọ́n ní, "Alfa, ẹni tí a bi nípa ìgbéyàwó tí ò fọhùn, kí ni a ó ṣe é sí?" Alfa Ṣàíbù wúkọ́, wọ́n ní wúńdíá tí a bá bi tó bá dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ ni ìyọ̀ǹda rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Alfa, ọmọ tèmi yìí nírùngbọ̀n." Wọ́n ní ìtìjú ló wà nídìí ọ̀rọ̀, pé ìtìjú kì í wo irùngbọ̀n. Bàbá Mọ̀núrù pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ ò rí nǹkan!" Bí wọ́n ṣe fi òfin wúńdíá mú ọ nìyẹn. Ṣebí ìwọ lo pa iṣẹ́ lọ́yà tì. Ká ní o kọ́ ọ ni, ò bá mọ ohun tí wàá fi gba ara rẹ sílẹ̀.

Iwájú mọ́ṣáláṣí la ti ṣe é. Bàbá Mọ̀núrù jókòó dípò rẹ, fìlà rẹ wà lórí itan wọn, wọ́n sì ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni pé orí rẹ ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n bi Hàwáwù náà. Ó tẹrí ba, kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ilé ní ọmọ olójútì lèyí.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí, nínú yàrá rẹ. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Tí ààwẹ̀ ọdún yìí bá parí, a ó fi í ránṣẹ́ sí ọ. Tètè wá ilé, sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń yà sí o.

Ìyá rẹ,
Afusat


Tifírà, Òkè Atlas, Mòrókò
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹrin, 1975

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀, n ò sì tíì dìde. Ẹ kí gbogbo ilé. Ẹ kí ìyàwó mi. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ga ni àbí ó kúrú, kí n lè mọ̀ ọ́n tí a bá kọjá ara wa lójú títì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀nà ṣí. Lẹ́tà tí mo kọ sí yín ni ohun ìkẹyìn tó jáde kí yìnyín tó dí àárín òkè. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò wọlé, ẹnikẹ́ni ò jáde. Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n so ẹran mọ́, òkè ni àwa ń sùn, kí ooru ara màlúù lè gòkè wá bá wa. Lẹ́tà yín méjèèjì bá ìbaaka kan náà dé. Mo ṣí àkọ́kọ́, ẹ ń bi mí. Mo ṣí ìkejì, mo ti di baálé ilé.

N ò dákẹ́, Ìyá. Wọ́n tì mí mọ́lé ni! Ẹ bá mi kí Alfa Ṣàíbù, ẹ ní mo dúpẹ́ pé wọ́n kà mí kún wúńdíá. Kí wọ́n bá mi wá ibòrí tó máa bá irùngbọ̀n mi mu.

Ẹ ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́ báyìí: n ò fẹ́. Ìdí ẹ̀ ni pé n ò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ mí, fìlà mi nìkan ló sì fẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa bá fìlà náà lọ.

Ọmọ yín tí inú ń bí,
Mùsílíù


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, 1975

Mùsílíù,

Mo rí "n ò fẹ́" rẹ. Ó dára, ó mọ́ lójú. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni à bá ti rí i. N ò kà á fún Bàbá Mọ̀núrù, nítorí n ò fẹ́ sìnkú lọ́sẹ̀ yìí. Mo kàn sọ fún Hàwáwù pé o béèrè bóyá ó ga.

Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn? Bí èyí bá hàn síta, wọ́n á ní ọkọ ti kọ ọmọ Àlájì Ṣéhù láìtíì rí i. Kí ni wọ́n á ní ó wà lára rẹ̀? Ọmọ yìí ń nu fọ́tò rẹ láràárọ̀ o. Tí wọ́n bá dárúkọ rẹ, á wolẹ̀. Ó ti fẹ́ràn rẹ, ìtìjú á sì pa á. Ìwọ tó o lè wọn òkè, wọn ìyẹn náà.

Ìpalẹ̀mọ́ ń lọ.

Afusat


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ogúnjọ́ oṣù keje, 1975

Bùrọ̀dá Mùsílíù,

Ẹ kú iṣẹ́ òkè. Èmi ni ìyàwó yín. Mo ga díẹ̀.

Mo gbọ́ pé jọ́gíráfì lẹ fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe díẹ̀ fún yín. Nílé yín, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń yà sí ni yàrá Ìyá wà, pẹ̀lú fèrèsé tó kọjú sí títì. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjìji, nínú yàrá yín, pẹ̀lú àpótí ìwé lọ́yà yín àti eku kan tó ti kà á jìnnà jù yín lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde. Bàbá Mọ̀núrù ló jókòó sí àárín rẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ẹnikẹ́ni ò sì lè kọjá láìsọ ibi tó ń lọ. Ní òdìkejì ni Apọ́ngbọ̀n wà. Ìdí àwo bàbá mi ni mo dàgbà sí níbẹ̀. Tí mo bá ta àwo kan ní pẹ́ń, mo mọ̀ bóyá ó ti sán nínú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyàwó ẹni tó wà lókè òkun kì í pàtẹ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni òkun, ọkọ̀ sìmẹ́ńtì sì ti kún ibẹ̀ débi pé wọn ò ráyè já ẹrù. Ó jọ pé Èkó náà fẹ́ mọ òkè tirẹ̀. Kò sí yìnyín lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n tèmi náà ti dí.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ fún yín pé mò ń nu fọ́tò yín. Mò ń nù ún, àti tábìlì, àti aago.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọjọ́ tí Alfa Ṣàíbù bi mí, ìtìjú kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Gbogbo ilé ló ti sọ fún mi pé olóríkunkun ni yín, pé wọ́n ní kí ẹ lọ síhìn-ín, ẹ gba ọ̀hún lọ. Mo ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní gbà láéláé. Kí ni mo fẹ́ fẹnu ara mi dójú ti bàbá mi fún, nígbà tí ọ̀mọ̀wé á kọ̀ fún àwa méjèèjì? Ẹnu yín ni mo gbójú lé. Ẹ ò lẹ́nu! Ẹ dákẹ́, mo dákẹ́, wọ́n so ìdákẹ́ méjì pọ̀, wọ́n pín súgà lé e lórí.

N ò kórìíra yín, n ò kàn mọ̀ yín ni. Mo fẹ́ padà sídìí àwo. Tí èmi bá sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní èṣù ti wọ̀ mí. Tí ẹ̀yin bá kọ̀wé sí Alfa Ṣàíbù fúnra wọn, pé ẹ ò gbà rí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ má kọ ọ́ sí Ìyá. Ìwé ìrìnnà mi ti jáde. Mo bẹ̀ yín, kí ọ̀nà yín tó tún dí.

Hàwáwù Ṣéhù


Tifírà, Òkè Atlas, Mòrókò
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, 1975

Hàwáwù,

Ẹ kú jọ́gíráfì. Mo jókòó sórí òrùlé ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ni òrùlé fi jáde wá wò mí. Ó jọ pé ó rò pé oòrùn ti mú mi lórí.

Ìyá ní ìtìjú á pa yín bí mo bá kọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa ẹnu mọ́ láti ìgbà náà, mo rò pé inúure ni mò ń ṣe yín. Ẹ wo èmi ọ̀mọ̀wé! N ò sì bi yín.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Kí lẹ́tà yín tó dé, ó yá mi lára láti kọ̀. Nígbà tí mo kà á tán, kò wù mí mọ́. Ìwé tí mo fi mọ ìyàwó mi ló ní kí n fi ìyàwó mi sílẹ̀. Mo gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mò ń wá ọgbọ́n tí mo máa dá. Àwọn darandaran ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti pápá òkè, gbogbo ènìyàn ń kó igi sílé, èmi ṣì ń wá ọgbọ́n. Lánàá mo tijú ara mi.

Mo ti kọ ọ́ sí Alfa Ṣàíbù, ìbaaka kan náà ló ń gbé e lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn, Alfa. N ò gbà rí. Ọ̀nà ló dí mọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Hàwáwù, kí ẹ sì dúró títí á fi la ẹnu."

Ó dùn mí. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ ni, kì í ṣe kí ẹ lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ bá mi kí àwọn àwo.

Mùsílíù


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá, 1975

Mùsílíù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ó ti parí. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, Alfa Ṣàíbù pe gbogbo wa jọ, wọ́n ka lẹ́tà rẹ sókè. Bàbá Mọ̀núrù ní òtútù ti ba ọpọlọ rẹ jẹ́. Alfa kọjú sí Hàwáwù, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí a tú yìgì náà?" Wọ́n dúró. Àlájì Ṣéhù ń wolẹ̀, èmi ń wo ọmọ náà lójú, mò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo fẹ́ o!" Àwọn tó ń kọjá lójú títì yíjú wò wá. Alfa tú u. Hàwáwù gbálẹ̀ yàrá rẹ kó tó kó ẹrù rẹ̀. Ó ti wà ní Apọ́ngbọ̀n láàárín àwo, mo rí i lókèèrè, ó ń bá oníbàárà kan nájà, ó ń pariwo.

Mo fẹ́ bú ọ nínú ìwé yìí. Láti àná ni mo ti ń to èébú náà sílẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé kì í wọ́n mi. Mo jókòó tán, kò wá.

Irọ́ ni mo pa fún ọ pé ó fẹ́ràn rẹ. Kò fẹ́ràn rẹ, kò mọ̀ ọ́ rí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, tí ìwọ náà sì ti lọ, tí mo bá jí láàárọ̀, èmi ni mò ń kí ara mi. Bàbá Mọ̀núrù wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ yìí dé, á kan ilẹ̀kùn, á ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti jí?" A máa ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Á ní ó pọ̀, n ó ní kò pọ̀, á ní ẹ̀jẹ̀ ríru á mú mi, n ó ní ta ló bi í. Ìjà náà dùn mọ́ mi ju ọbẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìwọ ni mo fẹ́ ẹ fún, Mùsílíù. Ara mi ni mo fẹ́ ẹ fún.

Mo se ọbẹ̀ lánàá. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Mo jẹ ẹ́ tán, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Afusat